Láti Orí Ṣíṣa Bọ́ọ̀lù dé Wimbledon

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá nílẹ̀ wa, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó máa ń gba gbogbo ẹnu. Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìpele, láti Ifọ̀n dé Ìdóàní, kò sí àdúgbò tí àwọn ọmọdé kì í ti í ri igi méjì mọ́lẹ̀, kí wọ́n pè é ní ojú ilé, kí wọ́n sì máa gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n eré mìíràn wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, èyí tí púpọ̀ nínú wa kà sí eré òyìnbó àti ti àwọn ọ̀gá inú ọ́fíìsì. Eré náà ni tẹ́níìsì. Ìtàn ọmọ Nàìjíríà kan tí ó fi eré yìí ṣiṣẹ́ jẹun, tí ó sì gbé orúkọ ilẹ̀ wa dé ibi tí a kò retí, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Nduka Odizor ni orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ ìtàn náà wò dáadáa, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo òbí àti olùkọ́ ní agbègbè wa. Ìbéèrè náà ni pé: nígbà tí ọmọ tálákà bá ní ẹ̀bùn, ta ni ó yẹ kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún un?

Kí n tó dé orí ọkùnrin náà, ó yẹ kí n ṣàlàyé eré yìí fún àwọn tí kò bá ì tíì rí i rí. Àwọ̀n kan ni a ń ta sí àárín pápá. Ẹnìkan dúró sí ìhà kan, ẹnìkejì rẹ̀ dúró sí ìhà kejì, olúkúlùkù sì mú rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, èyí tí a fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ hun ojú rẹ̀ bí asẹ́. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ni wọ́n ń gbá sí ara wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá ta lẹ́ẹ̀kan ní ìhà tìrẹ, o gbọ́dọ̀ dá a padà kí ó tó ta lẹ́ẹ̀kejì. Bí o bá gbá a sínú àwọ̀n, tàbí tí o gbá a kọjá ìlà, àǹfààní di ti ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba géèmù mẹ́fà, tí ó sì fi méjì ju ẹnìkejì lọ, ni ó gba sẹ́ẹ̀tì kan. Bí ó bá di mẹ́fà sí mẹ́fà, wọn a ṣe ìfigagbága kúkúrú kan láti fi yanjú ọ̀rọ̀, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 7–6. Ní Wimbledon, ọkùnrin gbọ́dọ̀ gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún kí a tó sọ pé ó borí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti gba méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù fún un. Ẹni tí kò bá sì tíì gba ọ̀kan rárá gbọ́dọ̀ gba mẹ́ta léraléra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà dé orí rẹ̀.

Ará Ìlú Ọba kan, ológun tí ń jẹ́ Walter Wingfield, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí eré yìí ní ọdún 1874. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1877, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje rẹ̀ ní Wimbledon, lẹ́bàá London. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn fi gbé e dé etíkun wa. Ọdún 1895 ni ẹgbẹ́ àwọn agbátẹ́níìsì ti Èkó ti wà, èyí tí pápá rẹ̀ wà ní Oníkàn. Láti ìgbà náà ni tẹ́níìsì ti jẹ́ eré inú ọgbà tí a sọ yí ká. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo tó fún ọmọ méjìlélógún, kódà bí ó bá jẹ́ aṣọ àkísà ni wọ́n dì pọ̀. Ní ti tẹ́níìsì, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní rákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó rọ̀. Pápá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú bí ojú awo. Gbogbo èyí, owó ni.

Síbẹ̀, ọgbà tí a sọ yí ká, bí ó ti wù kí ó ga tó, a máa ní ibi tí ọmọ kékeré lè gbà wọlé. Bí àwọn ọ̀gá bá ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn kì í fẹ́ máa sáré kiri láti lọ mú èyí tí ó ti yí lọ sí ẹ̀bá ọgbà. Wọn a gba àwọn ọmọdé láti máa ṣa á fún wọn, wọn a sì fún wọn ní owó díẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Nduka Odizor gbà wọ inú tẹ́níìsì. Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1958. Orúkọ Ìgbò ni Nduka, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ẹ̀mí ni ó ṣe pàtàkì jù, bí àwa Yorùbá ti ń sọ pé ẹ̀mí ju ọrọ̀ lọ.

Ẹ má fi ojú kéré iṣẹ́ ọmọ tí ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá lójoojúmọ́, tí kò sí ohun tí ó ń wò ju ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà. Ó ń kọ́ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀, bí a ti ń di rákẹ́ẹ̀tì mú, àti bí a ti ń mọ èrò ọkàn ẹni tí ó wà ní òdìkejì àwọ̀n. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Nduka mọ ọwọ́ wẹ̀. Láti orí ṣíṣa bọ́ọ̀lù, ó bọ́ sí orí gbígbá a, ó sì ṣe é débi pé àwọn tí ó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún kò lè fojú pa á rẹ́ mọ́.

Ní àkókò náà, òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan wà ní Yunifásítì Èkó, Robert Wren ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni láti Yunifásítì Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ràn ìwé yóò mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni ó kọ ìwé kan nípa ayé tí Chinua Achebe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àwọn ìtàn àròsọ rẹ̀. Olùkọ́ yìí rí Nduka, ó mọ̀ pé ẹ̀bùn ọmọ náà kì í ṣe kékeré, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti dé Amẹ́ríkà. Ní Houston, Nduka wọ yunifásítì, ó sì ń gbá tẹ́níìsì fún wọn. Ẹ rántí pé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yunifásítì a máa fi sikọ́láṣípù fún ọmọ tí ó mọ eré ṣe dáadáa. Wọn kì í sọ fún un pé kí ó yan ìwé tàbí eré. Méjèèjì ni wọ́n ń fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Nduka parí níbẹ̀, ní ọdún 1981, ó sọ eré náà di iṣẹ́.

Ó yẹ kí á mọ irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Títí di ọdún 1968, Wimbledon kì í gba ẹni tí ń fi tẹ́níìsì jẹun. Ẹni tí ń ṣe é fún ìgbádùn nìkan ni wọ́n ń gbà. Láti 1968 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n agbátẹ́níìsì kò dà bí olùkọ́ tàbí akọ̀wé tí ń gba owó oṣù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé tí ó ń sùn sí, àti owó oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá borí, ó gba owó. Bí wọ́n bá lé e jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò sì tún ẹrù rẹ̀ dì lọ sí ìlú mìíràn. Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣírò ipò tí olúkúlùkù ọkùnrin wà nínú gbogbo ayé. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìlú tí o ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí bàbá rẹ ń jẹ́. Ẹni tí o ṣẹ́gun nìkan ni ó ń béèrè.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1983, Nduka Odizor dé Wimbledon. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ a máa yan àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n jù, wọn a sì fún wọn ní nọ́ḿbà láti orí ẹni kìn-ín-ní lọ. Ẹni kẹrin nínú wọn ní ọdún náà ni Guillermo Vilas, ọmọ ilẹ̀ Argentina. Kì í ṣe ẹni kékeré. Ní 1977 ni ó gba ife ilẹ̀ Faransé àti ti Amẹ́ríkà nínú ọdún kan náà. Ó sì gba ti Australia ní 1978 àti 1979. Òun ni wọ́n fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí Nduka yóò bá figagbága.

Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ohun tí gbogbo ayé ń retí ni yóò ṣẹlẹ̀. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní ní 6–3, ó sì gba èkejì ní 7–5. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó kù fún Vilas. Ẹlòmíràn ì bá ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Nduka kò ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì kẹta di mẹ́fà sí mẹ́fà. Ó gbà á ní 7–6. Ẹ̀kẹrin tún le koko. Ó gbà á ní 7–5. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nduka gbà á ní 6–2, ó sì lé ẹni kẹrin ní Wimbledon padà sílé ní ìpele kìn-ín-ní. Ẹ wo nọ́ḿbà wọ̀nyí dáadáa: 3–6, 5–7, 7–6, 7–5, 6–2. Ìtàn ìfaradà ni wọ́n ń sọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe kọ̀wé sílẹ̀ nítorí pé ó kùnà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó kọ nọ́ḿbà márùn-ún yìí sí ojú pátákó.

Kò dúró níbẹ̀. Ó tún ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó sì wọ ìpele kẹrin, níbi tí ènìyàn mẹ́rìndínlógún péré kù nínú méjìdínláàádóje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni Chris Lewis, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ti dá a dúró. Lewis yìí kan náà ni ó lọ títí dé àṣekágbá, kí John McEnroe ará Amẹ́ríkà tó borí rẹ̀. Ní ìparí ọdún kan náà, Nduka gba ife ẹlẹ́nìkan ní Taipei, ó ṣẹ́gun Scott Davis ní àṣekágbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, kọ̀ǹpútà kà á sí ẹni kejìléláàádọ́ta nínú gbogbo ayé. Nínú ti ẹlẹ́ni-méjì, èyí tí ènìyàn méjì ń bá méjì gbá, ó dé ipò ogún ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ife méje ni ó sì gbà nínú rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìntì. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nínú ìdíje Davis Cup. Nígbà tí wọ́n dá tẹ́níìsì padà sínú eré Òlíḿpíìkì ní Seoul ní 1988, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, òun àti Tony Mmoh wà lára àwọn tí wọ́n ṣojú ilẹ̀ wa.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé: olùkọ́, ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n kí ni ìbéèrè rẹ wà fún? Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn ọmọ Áfíríkà mìíràn wé e. Ní 1983 kan náà, ní oṣù kẹfà kan náà, kí Nduka tó ṣẹ́gun Vilas, Yannick Noah gba ife ilẹ̀ Faransé ní Paris, ó borí Mats Wilander ọmọ ilẹ̀ Sweden. Ọmọ Cameroon ni bàbá Noah, ìlú Yaoundé ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ní 1971, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, Arthur Ashe, akíkanjú adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, bẹ ìlú náà wò, ó rí ọmọ yìí, ó sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn agbátẹ́níìsì ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n mú ọmọ náà lọ sí Nice, wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi ìdánrawò tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó di ọmọ wọn, ilẹ̀ Faransé ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún.

Ashe yìí wá sí Èkó pẹ̀lú, ní oṣù kejì ọdún 1976, kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn tí ó gba ife Wimbledon. Àwọn olórúkọ ńlá nínú tẹ́níìsì ni wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ashe wà lórí pápá, ó ń bá Jeff Borowiak gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogun gbé ìbọn wọlé tí wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Caracas, ní ilẹ̀ Venezuela, ni wọ́n ti lọ parí ìdíje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó.

Ẹ̀yin náà rí ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àlejò kan ni ó rí Noah, àlejò kan ni ó rí Nduka. Títí dé ibẹ̀, ìtàn wọn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àlejò ti Noah, ètò kan wà tí ó ń dúró de ọmọ náà. Lẹ́yìn àlejò ti Nduka, ilẹ̀ òkèèrè ni ọmọ náà ní láti lọ kí ó tó rí ètò. Àánú ẹnìkan dára púpọ̀, n kò ní kí á má dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ẹnìkan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì mú, bí ó bá ti lọ, ilẹ̀kùn a padà sé. Láti 1983 títí di òní, kò sí ọkùnrin mìíràn tí ó gbá tẹ́níìsì fún Nàìjíríà tí ó dé ìpele kẹrin ní Wimbledon. Tony Mmoh tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan bí ọmọkùnrin kan, Michael, tí ó di agbátẹ́níìsì tí ayé mọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún.

Àwa ará Ọ̀wọ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ìlú wa ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1951. Ọmọ ìlú wa, Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College láti 1947 fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tí wọ́n ronú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Kí ètò náà tó dé, ọmọ tálákà tí ó bá mọ̀wé ní láti dúró de bàbá ìsàlẹ̀ kan, bóyá míṣọ́nnárì, bóyá ẹ̀gbọ́n tí ó lówó. Bí a kò bá rí i, oko ni. Ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe ni pé ó gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹnìkan, ó fi í sí ọwọ́ ìlú. Ohun tí a ṣe fún ìwé nígbà náà ni a kò tíì ṣe fún eré.

Kí ni a wá lè ṣe? Kò di ìgbà tí a bá kọ́ pápá bíi ti Wimbledon. Ògiri tí ó tẹ́jú lẹ́yìn kíláàsì, bọ́ọ̀lù àlòkù díẹ̀, àti rákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí ọmọ ogún ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níbi tí pápá bá ti wà, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọmọ àdúgbò láti wọlé láìsan owó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́ fi ìdíje ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú ètò ọdọọdún, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó bá borí yóò rí sikọ́láṣípù gbà. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Olùkọ́ kan kò lè dá a ṣe, òbí kan kò lè dá a ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ nítorí eré, ẹ má sì ṣe gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìwé. Olùkọ́ ni ó rí Nduka, yunifásítì ni ó sì gbà á; rákẹ́ẹ̀tì àti ìwé ni ó jọ gbé e dé Wimbledon. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé yín, tí ń dí yín lọ́wọ́ oorun ọ̀sán, kí ẹ tó lé e, ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ti ń gbá a.